Bí A Ṣe Ń Wo Ọ́pẹ́rà àti Báléè, Tí A Sì Ń Gbọ́ Orin Kílásíkà Lókè Òkun Láì Náwó Rẹpẹtẹ

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ "Hallelujah" ti Handel nígbà Kérésìmesì, tàbí tó ti gbọ́ dùùrù ńlá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ọ̀yọ́, ti mọ orin kílásíkà kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ọ̀nà ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun ní London, tó lọ kàwé ní Jámánì, tàbí tó lọ sí àpérò ní New York, iwájú ilé ọ́pẹ́rà ni wọ́n ti ń ya fọ́tò, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́n ti gbà lọ́kàn pé ilé olówó ni. Bẹ́ẹ̀ ilé yẹn kan náà ló ní àyè tí owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ, àyè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ àti àlejò. Ẹni tó mọ ọjọ́, tó mọ aago, tó sì mọ ojúlé tí wọ́n ti ń tà á ló ń rí i rà.

Ọ́pẹ́rà kò jìnnà sí ohun tí a mọ̀. Eré ni, àmọ́ orin ni wọ́n fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọkẹ́sítírà, ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin, á sì wà nínú kòtò níwájú ìtàgé, á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn tó mọ Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀ lórí Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́, ti mọ bí orin, ìlù àti ijó ṣe ń gbé ìtàn dúró. Eré yẹn gan-an dé Berlin ní 1964. Ní ti báléè, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ijó ló ń sọ gbogbo ìtàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà

Ilé ọ́pẹ́rà kì í ṣiṣẹ́ yípo ọdún. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, sáà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń parí nínú oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti rìnrìn àjò, torí pé àwọn ọmọ wà ní ọlidé, ni Wiener Staatsoper, ilé ọ́pẹ́rà ńlá tó wà ní Vienna, máa ń tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dé Vienna ní oṣù Kẹjọ tó sì ń wá ọ́pẹ́rà kiri ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọṣọ bíi ti ayé Mozart, gbajúmọ̀ olórin ìgbàanì, máa ń rí mú lójú títì, tí wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì orin àwọn arìnrìn-àjò fún un. Kì í ṣe jìbìtì, wọ́n á kọrin fún un lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta owó ìbùdúró (àyè tí èèyàn ti ń dúró wo eré) nínú ilé ọ́pẹ́rà fúnra rẹ̀, ọkẹ́sítírà ibẹ̀ kò sì lè tó ìdajì èyí tó wà nínú ilé náà.

Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan lẹ ráyè, ẹ yí ojú síbi tí orin wà. London ní BBC Proms, àjọ̀dún orin kílásíkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895, tí wọ́n ń ṣe ní Royal Albert Hall fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti àárín oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án. Verona ní Ítálì ní ọ́pẹ́rà nínú pápá eré òkúta tí àwọn ará Róòmù kọ́. Láti 1913 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ọkẹ́sítírà New York Philharmonic náà máa ń jáde lọ ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwọn ọgbà ńlá ìlú náà, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1965.

Oṣù Kejìlá ló wọ́n jù fún báléè, torí gbogbo ìdílé ló ń du The Nutcracker, báléè ìgbà Kérésìmesì. Oṣù Kìíní àti Kejì ni kí ẹ lọ bí òtútù kò bá dẹ́rù bà yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì máa ń rọjú ju ti alẹ́ Sátidé lọ.

Ẹ yan eré tó rọrùn fún ìgbà àkọ́kọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á rí tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ jù lọ́sẹ̀ náà, wọ́n á rà á, wọn ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó lè jẹ́ Götterdämmerung ti Wagner, tí orin rẹ̀ nìkan lé ní wákàtí mẹ́rin láìka ìsinmi. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ wo èyí ní ìgbà àkọ́kọ́ kò ní padà wá mọ́. La bohème ti Puccini dára fún ìbẹ̀rẹ̀: orin rẹ̀ kò tó wákàtí méjì, ìtàn rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ nínú òtútù Paris, ìfẹ́ àti àìsàn. Carmen ti Bizet gùn díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ ó bá orin tí etí yín ti mọ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n pàdé nínú rẹ̀. Fún báléè, ẹ wá Swan Lake ti Tchaikovsky.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka ìtàn eré náà tán, òpin rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó ń bàjẹ́ nínú mímọ òpin rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ìlú yẹn gan-an ti mọ̀ ọ́n kó tó di pé wọ́n wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó lórí OperaVision, ìkànnì kan tó ń gbé ọ́pẹ́rà odindi sáfẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Bí dátà bá ń jẹ owó, ẹ sọ àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ sí 480 tàbí 360: ohùn lẹ ń wá, àwòrán tó mọ́ kedere lè dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Wákàtí kan péré tí ẹ fi gbọ́ orin ṣáájú á sọ alẹ́ yẹn di nǹkan míì, torí etí máa ń gbádùn ohun tó ti gbọ́ rí.

Ẹ má bẹ̀rù èdè. Ìtumọ̀ máa ń hàn lókè ìtàgé tàbí lójú ìbòjú kékeré (ojú ẹ̀rọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n) níwájú oníkálukú. Ní Metropolitan Opera ní New York, ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú yín ló wà, ẹ̀yin lẹ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀. English National Opera ní London ní tiwọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ orin wọn.

Ibi tí owó ti ń rọjú

Ìbùdúró ni àkọ́kọ́. Ní Vienna, Stehplatz ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ há sórí. Staatsoper, tó ṣílẹ̀kùn ní 1869, ní irinwó ìbùdúró ó lé, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ogún Yúrò. Ọjọ́ eré gan-an ni wọ́n máa ń tà á. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè Parterre: ẹ̀yìn ìjókòó ìsàlẹ̀ ni, àárín gbùngbùn, tí ojú yín á sì dọ́gba pẹ̀lú ìtàgé. Ẹni tó jókòó níwájú yín díẹ̀ lè ti san ìlọ́po mẹ́wàá owó yín. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó rí irin gbọọrọ tó gùn ní ìlà-ìlà, tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bò kí ọwọ́ lè sinmi lé e, ìbòjú kékeré tó ń tan ìtumọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ti fún yín ní nọ́ńbà, ẹ so síkáàfù mọ́ irin níwájú yín. Àmì nìyẹn pé àyè náà ti lólówó, ẹ lè lọ mu omi, kò sẹ́ni tó máa tú u. Síkáàfù ni kó jẹ́ o, ẹ má fi báàgì tàbí kóòtù dípò, torí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á kó o kúrò.

Proms ní London ní irú tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ìbùdúró ó lé ló wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ alẹ́, £8 sì ni owó rẹ̀ ní 2024. Ọ̀nà méjì ló pín sí: Arena, ilẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú ọkẹ́sítírà, tí ẹ ó fi lè rí òógùn lójú adarí orin, àti Gallery, òkè pátápátá, tí àyè pọ̀ débi pé àwọn kan máa ń jókòó sílẹ̀ tàbí kí wọ́n nà gbalaja, kí wọ́n dijú máa gbọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, Gallery ni kó lọ.

Orin ọ̀sán ni èkejì, èyí ni a sì fẹ́ràn jù fún àwọn ìyá àti bàbá tí orúnkún wọn kò gba ìdúró. Gbọ̀ngàn Concertgebouw ní Amsterdam, tí wọ́n ṣí ní 1888, tí ìró inú rẹ̀ sì wà lára èyí tó dára jù láyé, máa ń ṣe orin ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́rú nígbà sáà. Ó máa ń jẹ́ ọkẹ́sítírà ńlá wọn gan-an nígbà míì, tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò ohun tí àwọn míì máa sanwó gọbọi gbọ́ lálẹ́. Berlin Philharmonic náà ń ṣe tirẹ̀ ní Ọjọ́rú aago 1 ọ̀sán, ní ìloro ilé wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ní London, ṣọ́ọ̀ṣì St Martin-in-the-Fields lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trafalgar Square ń ṣe orin ọ̀sán tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká lẹ ó fi sílẹ̀. Ẹ máa tètè débẹ̀ o. Aago 12 kọjá díẹ̀ fún èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 1 kò yá jù.

Ilé àdúrà ni ẹ̀kẹta, ibí sì ni ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ ti máa ń rí i pé òun wà nílé. Owó tí àwọn arìnrìn-àjò ń san láti wọ St Paul's tàbí Westminster Abbey kì í ṣe owó kékeré. Àmọ́ Evensong, ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Nǹkan bí aago 5 ni ó máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ dé lẹ́nu ọ̀nà ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, ẹ sọ fún ẹni tó dúró níbẹ̀ pé Evensong lẹ bá wá, á sì fi ọ̀nà hàn yín. Bí ẹ bá dé Leipzig ní Jámánì, ẹ lọ sí Thomaskirche, níbi tí Johann Sebastian Bach ti jẹ́ olórí orin láti 1723 títí ó fi kú ní 1750. Sàréè rẹ̀ wà nínú ilé náà. Àwọn ọmọkùnrin Thomanerchor máa ń kọrin níbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì aago 6 ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé aago 3 ọ̀sán. Ìwé ètò orin tí ẹ ó rà lẹ́nu ọ̀nà ní Yúrò díẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ìsìn ni wọ́n kà á sí, nítorí náà ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ìta gbangba náà wà. Staatsoper ní Vienna máa ń gbé ìbòjú ńlá síwájú ògiri rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, Karùn-ún, Kẹfà àti Kẹsàn-án, tí àwọn tó wà lójú títì á máa wo eré inú ilé ní ìṣẹ́jú tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, lórí àga tí wọ́n tò sílẹ̀, láì san kọ́bọ̀. Ti Verona kì í ṣe ọ̀fẹ́, àmọ́ òkúta òkè tí kò ní nọ́ńbà ló rẹlẹ̀ jù. Òkúta yẹn ti yá oòrùn láti àárọ̀, gbígbóná ni ẹ ó bá a. Tó bá di aago 11 alẹ́, òtútù lè máa mú. Ẹ mú tìmùtìmù kékeré àti ṣáàlì dání. Bí òjò bá dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì fagi lé e, wọ́n á dá owó padà. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, tí òjò wá dá a dúró, owó ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ orí máa ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 lè wọ English National Opera lọ́fẹ̀ẹ́. Wigmore Hall ní London ní tíkẹ́ẹ̀tì £5 fún ẹni tí kò tíì pé 35. Ilé púpọ̀ ní Yúróòpù ní iye tiwọn fún ẹni tí kò tíì pé 30. Pásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa fi yẹ̀ yín wò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé: ẹni tí kò bá rí i fi hàn á san ìyókù owó níbẹ̀ tàbí kó padà.

Èyí tó kẹ́yìn ni tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tú sílẹ̀ nígbà tí eré ti sún mọ́lé, tí wọ́n ń pè ní Rush. Metropolitan Opera ń ta Rush ní $25 lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti aago 12 ọ̀sán, fún eré alẹ́ Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Ilé ọ́pẹ́rà Covent Garden ní London ń tú tiwọn sílẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì aago 1 ọ̀sán. Ẹ ti ṣí àkáǹtì, ẹ ti kọ nọ́ńbà káàdì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó ń wá wọ́lẹ́ẹ̀tì nígbà tí aago ti lù, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán lójú rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin bíi Juilliard ní New York àti Royal Academy of Music ní London náà ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fojú kéré akẹ́kọ̀ọ́ Juilliard o. Ní ọdún méjì sí i, wọ́n lè ti wà lórí ìtàgé ńlá.

Ríra rẹ̀ láti ilé

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ìkànnì ilé eré fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ilé náà sínú Google, èyí tó máa kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ ìpolówó àwọn alágbàtà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Yúrò 20 ní Yúrò 70. Ẹ wo àdírẹ́sì ìkànnì náà dáadáa kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí i pé iye tó wà níbẹ̀ lé fíofío, tí wọ́n sì ń kọ "ó ku méjì péré" lójú yín, ẹ jáde.

Ọ̀pọ̀ káàdì náírà kì í gba iṣẹ́ lókè òkun, tàbí kí iye tó lè ná lóṣù kéré gan-an. Ẹ béèrè ní báǹkì yín kí ẹ tó gbéra, tàbí kí ẹ lo káàdì àkáǹtì dọ́là. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ tó wà níbẹ̀ bá yín rà á, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bí físà kò bá tíì jáde, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan: kì í sábà ní ìdápadà owó. Ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ kò tíì dájú, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ eré gan-an ló bá a mu jù.

Ọ̀rọ̀ aago ń da èèyàn láàmú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago London àti aago Ògbómọ̀ṣọ́ dọ́gba. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Vienna, Berlin àti Ítálì fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì dọ́gba pẹ̀lú wa nígbà òtútù. New York wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́fà nígbà òtútù. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń tà ní aago 10 àárọ̀ ní Vienna ní oṣù Kẹfà, aago 9 ni kí ẹ ti jókòó tì í nílé. Rush aago 12 ti New York ní oṣù Kìíní, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti gba iná sínú fóònù dáadáa ṣáájú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé 19:30 lára tíkẹ́ẹ̀tì ni aago 7 ààbọ̀ alẹ́, àti pé ní Amẹ́ríkà oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́: 04/06 níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin.

Ìjókòó olówó pọ́ọ́kú: èyí tó dára àti èyí tó ń tanni

Ilé ọ́pẹ́rà àtijọ́ ní Yúróòpù rí bíi pátákò ẹṣin. Àwọn yàrá kéékèèké ló yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, ìlà kan lórí òmíràn. Ìjókòó iwájú nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ yẹn á rí ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìtàgé. Ìjókòó ẹ̀yìn nínú rẹ̀ kò ní rí nǹkan ju orí àwọn tó wà níwájú lọ, àyàfi tí ẹ bá dìde dúró. Ìdí tí owó rẹ̀ fi rẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí sichtbehindert ní Jámánì, tàbí sans visibilité ní Faransé, ó túmọ̀ sí pé nǹkan máa bo ìtàgé lójú yín. Ẹ fi wé òkè pátápátá ní àárín, tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ sì gbà á. Ohùn máa ń gòkè. Akọrin tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ dáadáa láti ibẹ̀, orin rẹ̀ á dé bá yín bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ti báléè yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló burú jù fún un, torí ijó ń lọ láti igun dé igun. Òkè ní àárín dára, torí láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí bí ogún oníjó ṣe ń tò tí wọ́n sì ń tú ká, ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ kò lè rí. Fún dùùrù pianó, ẹ jókòó sápá òsì kí ẹ lè rí ọwọ́ atẹdùùrù. Ní Philharmonie ti Berlin, tí wọ́n ṣí ní 1963, ìjókòó wà lẹ́yìn ọkẹ́sítírà tó dojú kọ adarí orin, ó sì rẹlẹ̀. Adarí ẹgbẹ́ akọrin tó bá jókòó síbẹ̀ á kọ́ nǹkan púpọ̀ nínú alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí akọrin kan bá máa dúró níwájú kọrin, ẹ má lọ síbẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó máa wò.

Ọjọ́ eré

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kì í béèrè kóòtù àti táì lọ́wọ́ ẹni tó dúró lókè. Aṣọ tó mọ́ tó sì bo ara ti tó. La Scala, ilé ọ́pẹ́rà ìlú Milan ní Ítálì, ló le díẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé tàbí aṣọ aláìlápá wọlé. Aṣọ wa gba ibẹ̀ dáadáa. Bùbá àti ṣòkòtò, dàńṣíkí, ìró àti bùbá, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa wò ní ìwòkuwò. Agbádá ní tirẹ̀ á máa ṣubú lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí, torí àyè ìjókòó òkè há. Gèlè ni kí ẹ fi sílé. Gèlè tí a wé tó dúró ṣánṣán fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju orí lọ, ẹni ẹ̀yìn kò ní rí ìtàgé mọ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì wá bẹ̀ yín lójú gbogbo èèyàn pé kí ẹ tú u. Ẹ so síkáàfù pẹlẹbẹ, tàbí kí ẹ di irun lásán.

Bàtà pẹlẹbẹ ni fún ìbùdúró. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, torí búrẹ́dì kékeré kan nígbà ìsinmi lè wọ́n tó ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì yín. Kóòtù ńlá àti báàgì kì í sábà wọ inú gbọ̀ngàn; wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ níbì kan, Yúrò kan tàbí méjì níbòmíì. Ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù, kí ó má di pé dátà kò sí níbẹ̀.

Ní ti pípẹ́, ẹ gbà wá gbọ́: wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá kọjá aago 7 ààbọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì, ìta lẹ ó wà títí di ìsinmi, èyí tó lè tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó ń ṣí i. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣáájú.

Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ pa fóònù, kì í ṣe pé kí ẹ pa ohùn rẹ̀ lẹ́nu nìkan: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn ń dí ogún èèyàn lọ́wọ́. Kíká fídíò kò sí rárá. Ẹ tú súìtì ikọ́ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà àtẹ́wọ́ ló ń kó ìtìjú bá àlejò jù. Sínfónì, orin gígùn tí ọkẹ́sítírà ń ṣe, sábà ní apá mẹ́rin, wọ́n á sì dákẹ́ díẹ̀ láàárín wọn. Ẹ má pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ adarí orin: tó bá ṣì wà lókè, orin kò tíì parí. Tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ tó sì yíjú sí èrò, ó ti parí. Nínú ọ́pẹ́rà, ẹ lè pàtẹ́wọ́ bí akọrin kan bá parí orin ńlá kan, ẹ sì lè ké "bravo" fún ọkùnrin, "brava" fún obìnrin, "bravi" fún gbogbo wọn. A kì í náwó fún olórin níbẹ̀, bó ti wù kí orí yín wú tó. Àtẹ́wọ́ gígùn ni owó ìnáwó wọn.

Bí ìsinmi bá dé, ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì, ìlà ibẹ̀ gùn ju ti ọtí lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro ní ìbùdúró lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bóyá ìjókòó kan ṣófo. Àwọn kan á gbà, àwọn kan kò ní gbà. Kí alẹ́ tó lẹ́, ẹ ti mọ aago tí ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn ń lọ. Bí eré bá parí ní aago 11 tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ 11:20, ẹ má fi kóòtù sílẹ̀ níbi tí ìlà ti pọ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà nípọn wá dípò rẹ̀, kí ẹ lè jáde tààrà bí wọ́n bá ti tan iná.